Ayò Wàràwàrà Tí A Ta Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Ìlá, l'Ádó-Èkìtì, ìró odó ló máa ń jí wa, kì í ṣe àkùkọ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, kò ní yà yín lẹ́nu pé àárọ̀ kùtù là ń gún uyán, bí àwa ṣe ń pe iyán nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ọmọ́wùmí, ló máa ń gún un nítorí bàbá wa àgbà. Bàbá àgbà kò jẹ uyán ẹlòmíràn. Wọ́n ní ti màmá mi ní kókó, ti ìyàwó àbúrò wọn rọ̀ jù, tèmi kò tíì di uyán rárá. Ti Ọmọ́wùmí nìkan ni wọ́n máa ń fi kan ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ní ìgbín nínú, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á wá dijú díẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Àwa ọmọ kéékèèké á jókòó tì wọ́n, a óò máa retí ohun tó máa kù sínú àwo. Díẹ̀ ló máa ń kù.

Ohun kejì tí Bàbá àgbà fẹ́ràn ni ayò. Abẹ́ igi orógbó tó wà níwájú ilé wa ni wọ́n ti ń ta á, lórí ọpọ́n kan tí ó ti ń dán nítorí ọwọ́ tó ti kàn án. Ẹ mọ ayò: ọmọ mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí o kó ti ihò kan, kí o pín in yí ọpọ́n ká lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí o sì jẹ méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ. Eré ni lójú ẹlòmíràn. Lọ́wọ́ Bàbá àgbà, iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n á wo ọpọ́n. Wọ́n á fi ìka kan ihò kan, wọ́n á mú ìka kúrò. Wọ́n á béèrè omi. Wọ́n á mu ún. Wọ́n á béèrè bóyá ewúrẹ́ ti wọlé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọpọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ẹnìkejì wọn tó sùn, tó jí, tó lọ kí ará ilé kejì, tó padà dé, tí wọn kò tíì ta. Bàbá kan wà tó ń hun agbọ̀n, ó máa ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá síbẹ̀. Agbọ̀n tí a fi ń kó kòkó nílé wa, ìdí ayò Bàbá àgbà ni ó ti hun gbogbo rẹ̀.

Nílé wa, a kì í ta ayò tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ayò kò gbọdọ̀ sùn lórí ọpọ́n, bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Tí oòrùn bá ti wọ̀, a óò kó ọmọ ayò sínú àpò, ayò tí kò bá sì tíì parí di òfo. Ẹnikẹ́ni kò jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì pàdánù. Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, Bàbá àgbà kò pàdánù ayò rí. Wọn kò sì jẹ ẹnikẹ́ni rí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí Àjàyí dé. Àgbẹ̀ ni, ará Ìyìn ni, níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló ti rí Ọmọ́wùmí. Ọkùnrin gíga, oníwà pẹ̀lẹ́, etí rẹ̀ méjèèjì tóbi gan-an. Bàbá mi gbà fún un, màmá mi gbà, ó wá ku Bàbá àgbà. Wọ́n wo iṣu tí Àjàyí kó wá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Iṣu rẹ dára. Kó o sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọjọ́ tí o bá jẹ mí lọ́pọ́n ayò ni n ó gbà á." Àjàyí dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ni.

Iṣu yẹn hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbogbo Sátidé ni Àjàyí ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìyìn wá. Yóò jókòó sídìí ọpọ́n títí oòrùn yóò fi wọ̀, wọ́n á kó ọmọ ayò sínú àpò, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò padà sílé. Ta ni yóò sọ fún bàbá àgbà ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n yára? Àna tó bá gbójú sókè lásán pàápàá, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó tún burú ni pé òun náà kò mọ ayò ta tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá rí i tí Bàbá àgbà ń rò, yóò ní nǹkan ńlá ló wà níbẹ̀, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rò. Àwọn méjèèjì á tẹjú mọ́ ọpọ́n bí ẹni tó ń wo kànga tí garawa já sí.

Àwọn ẹgbẹ́ Ọmọ́wùmí ń lọ sílé ọkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jókòó síwájú wa gan-an, ọmọ náà ń wò wá láti ẹ̀yìn rẹ̀ títí ìwàásù fi parí. Uyán ọjọ́ kejì kúnná ju ti gbogbo ọjọ́ lọ nítorí ìbínú tí Ọmọ́wùmí fi gún un. Lẹ́yìn ìyẹn mo rí i níbi tó ti ń ṣa ẹ̀fọ́, ó ń sunkún, omijé ń já sínú ẹ̀fọ́. Ó dùn mí gan-an. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ nílé yẹn, mo sì mọ̀ pé bó bá pẹ́ jù, ó máa rẹ Àjàyí, kò sì ní wá mọ́.

Àwa ọmọdé ní ayò tiwa lẹ́yìn ilé ìdáná. A kò ní ọpọ́n, ihò la gbẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: kí ìdí rẹ tó kan ilẹ̀, wọ́n ti pè ọ́ kí o wá pọn omi, kí o wá lé adìẹ kúrò lórí àgbàdo, kí o wá fẹ́ iná. Nítorí náà, ayò wa gbọ́dọ̀ yá. Àbúrò mi Délé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ìjọ, ló máa ń ka a, b, d. Tó bá kà á dé òpin tí o kò tíì ta, ẹnìkejì rẹ á fa etí rẹ, ìwọ á sì jókòó kó tún ta tirẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù ló máa pọn omi tí wọ́n bá ní kí ẹni tó jẹ pọn. Wàràwàrà là ń pe ayò náà. Kí o tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, a ti ta òmíràn.

Ní Sátidé kan, nígbà tí Bàbá àgbà ṣì wà nídìí uyán, mo lọ bá Àjàyí níbi tó jókòó sí tó ń dúró. Mo ní, "Búọ̀dá, ẹ wá ta wàràwàrà." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò ìyàwó mi, mo ti ń ta ayò kí wọ́n tó bí ọ." Mo ní kó wá jẹ́ ká rí i. Ó lóṣòó lẹ́bàá ihò wa, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Délé bẹ̀rẹ̀ a, b, d. Ó kà á tán, Àjàyí ṣì ń ro ihò tó máa mú. Mo nawọ́, mo fa etí náà dáadáa, torí kò sí bí ọwọ́ èèyàn ṣe lè ṣì í. Ó ní ojú òun kò tíì là ni. A tún un tò.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọ̀ Bàbá àgbà, ìdajì ayò ni wọ́n ń ta láti àárọ̀ di àṣálẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, a ti ta, a ti jẹ, a ti jà, a ti parí ìjà kí àwo uyán tó ṣófo. Àjàyí á ṣe àṣìṣe kan, yóò jìyà rẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó kúrò níbẹ̀ yóò tún ti ṣe é, yóò tún jìyà, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kọ àṣìṣe yẹn fúnra rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìka ló fi ń ka ọmọ ayò. Nígbà tó yá, ó kàn ń wo ihò tí ọmọ pọ̀ sí ni, ó ti mọ ibi tí ẹyọ tó gbẹ̀yìn máa bọ́ sí. Mo sì ń wí fún un pé, "Búọ̀dá, ẹ má rò ó, ẹ wò ó." N kò mọ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò.

Gbogbo omi tí a lò nílé wa ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, Àjàyí ló pọn ún. Màmá mi rò pé ìwà ọmọlúàbí ló ń mú un ṣe é, wọ́n ń yìn ín kiri àdúgbò. Àwọn ìyá mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í bi àna tiwọn léèrè ìdí tí wọn kì í fi í pọn omi. Etí Àjàyí wú. Ọmọ́wùmí ń fi òrí pa á fún un, ojú rẹ̀ sì ń dán nígbà tó bá ń ṣe é, nítorí ìgbà yẹn nìkan ló ní ìdí tí ó fi lè fọwọ́ kàn án níwájú gbogbo ayé. Nígbà tó yá, Àjàyí jẹ mí. Ó fa etí mi. Mo sunkún títí ó fi fi àkàrà bẹ̀ mí.

Sátidé tí ọ̀rọ̀ fẹ́ yọrí, gbogbo wa la wà lábẹ́ igi orógbó. Bàbá àgbà ta. Kí ọwọ́ wọn tó padà sórí itan, Àjàyí ti ta tirẹ̀. Wọ́n wò ó. Wọ́n tún ta, ó tún ta. Nígbà tí oòrùn wà láàárín orí, ọmọ ayò ti ń wọ́n lórí ọpọ́n, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Bàbá tó ń hun agbọ̀n gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ọmọ́wùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ odó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbàgbé pé ó mú un. Bàbá àgbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò. Ibi gbogbo dákẹ́.

Délé kò lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́ láti kékeré. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka a, b, d wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò mọ̀ pé òun ń kà á. Àwa yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwa náà kò mọ̀. Bí a ṣe dé òpin, ọwọ́ Àjàyí dìde fúnra rẹ̀, ó kọjá lórí ọpọ́n, ó di etí Bàbá àgbà mú, ó sì fà á. Kì í ṣe fífà kékeré.

N kò tíì rí irú rẹ̀ láyé mi. Àjàyí ṣì di etí náà mú, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Mo rò pé ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fi etí sílẹ̀ ni. Nígbà tí orí rẹ̀ padà bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kọlu ọpọ́n, ọmọ ayò fọ́n káàkiri, adìẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á. Ayò tó fẹ́ parí náà kò parí mọ́.

Ẹbí pe ìpàdé. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àna tó bá fa etí bàbá àgbà ìyàwó rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí l'Ádó. Ẹnì kan ní kó mú ewúrẹ́ wá. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fa tirẹ̀ padà. Ẹnì kẹta béèrè bóyá etí ọ̀tún ni tàbí ti òsì, orí ìyẹn ni wọ́n sì wà títí ọbẹ̀ fi tutù. Bàbá mi ní kí Àjàyí máa lọ sí Ìyìn ná, kó má wá títí a ó fi ránṣẹ́ pè é. Àwa ọmọdé kúnlẹ̀ nínú oòrùn, a na ọwọ́ sókè, Délé ń ka a, b, d nínú ẹkún. Èyí tó dùn mí jù ni Ọmọ́wùmí. Ó ní, "Ìwọ lo kọ́ ọ," kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Pàṣán màmá mi kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Uyán wá bẹ̀rẹ̀ sí í ní kókó. Bàbá àgbà jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dijú mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tí wọ́n ń gbé àpótí ìjókòó wọn bọ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí n kò rí wọn rí. Wọ́n ní, "Ẹ ta èyí tí ẹ kọ́ ọ yẹn, kí n rí i." A ta á. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí n sún, kí àwọn jókòó. Délé kà á dé òpin, wọ́n ṣì ń rò. Gbogbo wa di òkúta. Wọ́n ní, "Kí lẹ ń dúró dè? Ẹ fà á." Mo fi ìka méjì kan etí wọn bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹyin iná. Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń wá lójoojúmọ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń ta kí Délé tó dé ìdajì. N kò gbàgbọ́ ohun tí ojú mi rí. Bàbá àgbà yára ju gbogbo wa lọ.

Mo bi wọ́n léèrè. Mo ní, "Bàbá, ẹ lè yára báyìí, kí ló dé tí ẹ kì í yára lábẹ́ igi?" Wọ́n ń kó ọmọ ayò sínú ihò, wọn kò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Tí ayò yẹn bá parí, ta ni yóò máa gún uyán mi?" Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, títí mo fi rí i pé wọn kò rẹ́rìn-ín. Mo ní èmi máa kọ́ bí a ṣe ń gún un. Wọ́n wo apá mi, tó rí bí igi ìfọyín, wọ́n sì ń kó ọmọ ayò wọn lọ.

Bàbá àgbà fúnra wọn ló ránṣẹ́ sí Ìyìn. Àjàyí dé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, kò lè gbójú sókè. Tó bá ti ta tán, á fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, á jókòó lé wọn kí wọ́n má baà rìn. Màmá mi ti fi iṣu sísun dí Délé lẹ́nu. Ayò bẹ̀rẹ̀, ó sì burú fún wa, torí bí Bàbá àgbà ṣe ń rò tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n tún ń rò. Wọ́n béèrè omi. Wọ́n béèrè ewúrẹ́. Oòrùn ń lọ. Ọmọ ayò wá kù díẹ̀, ó kan Bàbá àgbà láti ta. Mo wo ọpọ́n. Ihò méjì ló ní ọmọ níwájú wọn. Bí wọ́n bá ta ti àkọ́kọ́, Àjàyí kò ní rí nǹkan kan jẹ. Bí wọ́n bá sì jókòó lásán, ilẹ̀ máa ṣú. Mo mọ̀ pé wọ́n rí i, torí èmi ni mo kọ́ wọn.

Ọmọ́wùmí gbé omi tí wọ́n béèrè wá, ó kúnlẹ̀. Wọ́n gba igbá, wọn kò mu. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń pẹ́ lórí ọpọ́n lọ. Wọ́n wá gbé igbá sílẹ̀, wọ́n kó ọmọ inú ihò kejì, èyí tí kò yẹ kí wọ́n kó, wọ́n sì ta á kíá. Àjàyí kò mira. Ó rò pé ìdẹkùn ni. Bàbá àgbà ní, "Ta á jàre. Ilẹ̀ ń ṣú." Ó fa ọwọ́ yọ lábẹ́ itan, ó ta, ó sì jẹ.

Bàbá àgbà ní, "Ẹ kó iṣu yẹn wọlé." Kò sí kíkó níbẹ̀ mọ́, ìtàkùn rẹ̀ ti gun ògiri dé abẹ́ àjà, àdá la fi gé e. Ọmọ́wùmí dì mọ́ mi, àwa méjèèjì sunkún. Nígbà tó lọ sílé ọkọ, èmi ni mo ń gún uyán. Bàbá àgbà ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú kókó rẹ̀, wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Ọjọ́ tí Ọmọ́wùmí bá wá sí ọjà, ó máa ń di uyán sínú ewé wá láti Ìyìn. Yóò ti tutù kó tó dé. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á dijú.

Lónìí, wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà Ìyìn, mọ́tò á gbé ọ débẹ̀ kí o tó kọ orin kan tán. Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń rò lórí iná tí wọ́n ń pè ní iyán, mo ń jẹ ẹ́, n kò ní dijú fún un láéláé. Kò sí ẹni tó ń fi ayò dá ọmọ dúró mọ́, ọmọ gan-an ló ń mú ọjọ́ ìgbéyàwó wá fún wa. Gbogbo nǹkan ti di wàràwàrà, a kò sì rí etí ẹnikẹ́ni fà.

Ọwọ́ mi ni ọpọ́n náà wà. Ọmọ ọmọ mi, Túnjí, máa ń wá láti Èkó lọ́dọọdún. Ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹni tí Délé kà fún. Lọ́dún yìí, ní àárọ̀ tó fẹ́ padà, ó ti gbé àpò rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ká ta ọ̀kan ṣoṣo kí òun tó lọ. A ta á dé ibi tí ọmọ ayò kù díẹ̀, ó kàn mí. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ ta á, mọ́tò ń dúró dè mí." Mo ti rí ihò tí n ó mú. Mo wo ọpọ́n. Mo ní kó bá mi bu omi wá. Ó bu ú wá, mo mu ún. Mo bi í bóyá ewúrẹ́ ti wọlé.

A kò ní ewúrẹ́.